Jẹ̀dí Ilé Bàbá Mi

Ọṣẹ ni mo ń tà ní ọjà Sabon Gari: ọṣẹ ìfọṣọ, ọṣẹ ìwẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì, kànìnkànìn, àti oògùn olóòórùn líle tí wọ́n ń dà sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Àwọn tó mọ̀ mí dáadáa máa ń sọ pé kì í ṣe òwò ni mo yàn, wọ́n ní ìwà mi ni mo pàtẹ. Wọn ò parọ́. Láti kékeré ni ìdọ̀tí ti máa ń rí mi lára. Bí ẹnìkan bá fọn ikun sílẹ̀ níwájú mi, oúnjẹ ọjọ́ náà ti parí fún mi nìyẹn. Nítorí náà, ẹ má rò pé ó dùn mọ́ mi láti kọ ohun tí mo fẹ́ kọ yìí. Ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ àti ẹ̀jẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ilé wa sì ni.

Bàbá bàbá mi ló kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ wá tajà ní Kano. Ilé tó kọ́ nígbà náà la ṣì ń gbé: yàrá lọ́tùn-ún, yàrá lósì, ọ̀nà gbọọrọ láàárín, àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan ṣoṣo lẹ́yìnkùlé. Láàárọ̀ Sátidé gbogbo, kí ẹnikẹ́ni tó fi nǹkan kan ẹnu, bàbá mi á gbé kẹ́ẹ̀gì agbo jáde, á ní kí kálukú mú kọ́ọ̀pù tánganran rẹ̀ wá. Agbo jẹ̀dí ni. Omi ògì kíkan, káún, ewé àsùnwọ̀n, àti àwọn èèpo igi kan tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí i láti ilé. Ó dúdú, ó ń hó fùkẹ̀fùkẹ̀, òórùn rẹ̀ sì dà bí aṣọ tí wọ́n rẹ sínú báàfù tí wọ́n gbàgbé síbẹ̀. A ó kúnlẹ̀, a ó mu ún tán, a ó sì dojú kọ́ọ̀pù dé kí bàbá lè rí i pé kò ṣẹ́ kù. Lẹ́yìn ìyẹn ni a ó tò sílẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹni tó wà nínú á máa kérora, ẹni tó wà níta á máa gbá ilẹ̀kùn. 

Ìdí tí a fi ń mu ún ni pé jẹ̀dí ń bẹ nílé wa. Gbogbo Yorùbá ló mọ jẹ̀dí, tí ìdí ń yọ ẹ̀jẹ̀, tí inú ń kùn. Gbogbo Yorùbá ló sì mọ̀ pé ohun dídùn ló ń fà á. Ṣùgbọ́n ní tiwa, bàbá mi sọ ọ́ di òfin. Ṣúgà kò gbọdọ̀ wọ inú ilé. Ògì funfun lásán la ń mu. Ọmọ ẹlòmíràn ń lá alewa, súìtì àwọn Hausa, àwa ń wò ó. Àwọn Hausa tó ń ta ìrèké á ti bárò wọn kọjá lójúde wa, wọ́n ti bó o, wọ́n ti gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á máa pariwo, "Ga rake! Rake mai zaƙi!" Àwa á gbé itọ́ mì.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, àkọ́bí bàbá mi, lọ jẹ ìrèké lọ́jọ́ kan nígbà tó ṣì kéré. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló fún un. Bí ó ti ń wọlé ni bàbá mi rí i tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú. Bàbá fi ọwọ́ kan di ẹ̀yìn orí rẹ̀ mú, ó ti ìka ọwọ́ kejì bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó sì wọ́ pàǹtí ìrèké náà jáde pẹ̀lú itọ́ àti ẹ̀jẹ̀ èrìgì. Ó jù ú sílẹ̀ níwájú gbogbo wa. Mo wà níbẹ̀, mo sì bì. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n mi kò fi ìrèké kan ẹnu mọ́, kò sì jẹ́ kí ẹlòmíràn fi kàn án.

Síbẹ̀, pẹ̀lú gbogbo agbo yìí, wọ́n ní jẹ̀dí ló pa bàbá bàbá mi. Jẹ̀dí ló pa ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin. Nígbà tó yá, jẹ̀dí pa bàbá mi náà. Ó rù kan egungun, ikùn rẹ̀ nìkan ló yọ gọngọ, yàrá rẹ̀ sì ń rùn débi pé lọ́fínńdà ò ràn án. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà gbàdúrà, aṣọ ni wọ́n fi ń bo imú. Kò sí ẹnìkan nínú wa tó bi ara rẹ̀ pé, ṣé agbo yìí ń ṣiṣẹ́ báyìí? Ohun tí a sọ ni pé ó ti jẹ ṣúgà ní kọ̀rọ̀. Ara òkú rẹ̀ ṣì ń gbóná tí a ti ń bá a wí. Tí mo bá rántí rẹ̀, àwa gan-an ló ń rí mi lára, kì í ṣe òórùn yàrá.

Ẹ̀gbọ́n mi jogún ilé, ó jogún kẹ́ẹ̀gì mọ́ ọn. Díákónì ni nínú ìjọ wa, ohùn rẹ̀ le, àṣẹ rẹ̀ ni à ń tẹ̀ lé. Agbo Sátidé ò yẹ̀.

Èmi ò bímọ. Ọkọ mi ti kú, mo padà sí yàrá mi nínú ilé bàbá mi. Ọmọ kan ṣoṣo ni ẹ̀gbọ́n mi bí, obìnrin ni, ṣọ́ọ̀bù mi ló sì dàgbà sí. Lẹ́yìn ilé ìwé á jókòó sórí páálí ọṣẹ, á máa ṣe iṣẹ́ àmúrelé. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n bí o bá fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀, Hausa tàbí Píjìn ni yóò fi dá ọ lóhùn. Mo máa ń pariwo mọ́ ọn nítorí ìyẹn. Àmọ́ òun ni ọmọ mi. Gbogbo ọjà ló mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ara mi ni àṣírí àìsàn yìí ti kọ́kọ́ tú. Mo ti ń rí ẹ̀jẹ̀ tipẹ́, mo sì ń bu agbo kún agbo gẹ́gẹ́ bí a ti kọ́ mi. Ní ọjọ́ kan mo fẹ́ gbé páálí ọṣẹ, mo bá ara mi nílẹ̀. Àwọn aládùúgbò mi nínú ọjà ló gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Nassarawa GRA. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ lára mi. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí mi lára, wọ́n sì ní àwọn ní láti fi kámẹ́rà wo inú ìfun mi.

N kò ní parọ́ fún yín, ó kù díẹ̀ kí n sá. Wọ́n kọ́kọ́ fún mi ní oògùn kan tí wọ́n pò mọ́ omi, adùn rẹ̀ sú ni, ó dà bí ìgbà tí wọ́n yọ́ súìtì sínú omi ọṣẹ. Èmi tí mi ò mu ohun dídùn rí láyé mi! Mo ní láti mu ún títí ohun tó ń jáde lára mi fi di omi lásán. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ibẹ̀, ẹni tó lò ó ṣáájú mi kò da omi sí i. Mo ń mu oògùn, mo jókòó sórí ìdọ̀tí ẹlòmíràn, mo ń sunkún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n fi ẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀, ọmọkùnrin kan tó jẹ́ dókítà, tí mo lè bí, ti rọ́bà gígùn bọ̀ mí nídìí. Mo ní kí ilẹ̀ lanu.

Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Tẹlifíṣọ̀n wà lójú ògiri, mo sì rí inú ara mi. Mo rò pé n óò rí ọ̀nà tó ń dán, tó pupa. Ohun tí mo rí ni ẹran kéékèèké tó hù jáde lára ìfun mi, ó tò bí ẹ̀pà tí wọ́n sá sórí ẹní. Òmíràn ga, ó ní ọrùn. Òmíràn ń ṣẹ̀jẹ̀. Mo ronú pé àwọn nǹkan wọ̀nyí wà nínú mi bí mo ṣe ń wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójoojúmọ́, bí mo ṣe ń fi ìmọ́tótó yangàn fún àwọn oníbàárà mi.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ dókítà náà pè mí jókòó. Ọmọ Kano ni, Hausa la sì jọ ń sọ.

Ó ní, "Madam, kí ló pa bàbá yín?"

Mo ní, "Basur." Orúkọ tí wọ́n ń pe jẹ̀dí ní Hausa nìyẹn.

"Ta ni basur tún pa?"

"Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin. Bàbá bàbá mi náà, òun ni wọ́n ní ó pa á."

Ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Kò sí ilé tí kò sí basur ní Kano yìí. Ó máa ń dun ni, ó máa ń kó ìtìjú bá ni. Ṣùgbọ́n kì í pa bàbá, kó pa ọmọ, kó tún wá bá ọmọ ọmọ."

Ó wá ṣàlàyé fún mi. Kì í ṣe ṣúgà. A bí i mọ́ wa ni. Ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé wa pé kókó á máa hù lára ìfun, kókó náà ò ní ṣe nǹkan kan fún ọdún púpọ̀, tó bá sì yá, ọ̀kan nínú wọn á di jẹjẹrẹ. Bí òbí bá ní in, ọmọ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè mú un, ó sì lè máà mú un, bí ìgbà tí wọ́n ju kọ́bọ̀ sókè. Ó ní tèmi ti pọ̀ ju ohun tí wọ́n lè máa já lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn máa gé ìfun náà kúrò kó tó bàjẹ́. Àmọ́ kì í ṣe èmi nìkan. Gbogbo ẹni tí a jọ jẹ́ ọmọ bàbá kan náà gbọ́dọ̀ wá, kí wọ́n wo inú wọn, àti àwọn ọmọ wọn tó ti dàgbà. Ó ní, "Kí wọ́n má dúró di ìgbà tí wọ́n bá rí ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá tètè wá, a ó já a kúrò fún un, á máa lọ sílé rẹ̀."

Yorùbá ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Àwa ò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹ̀tẹ̀ wà. Làpálàpá la ń bá jà láti ayé bàbá bàbá mi. Mo jókòó síwájú dókítà, ohun tó ń bí mi nínú jù kì í ṣe ikú wọn. Ògì funfun ni. Gbogbo ògì funfun tí mo ti mu, gbogbo alewa tí mo ti wò lẹ́nu ọmọ ẹlòmíràn, àti ìka bàbá mi nínú ẹnu ẹ̀gbọ́n mi. Fún asán ni.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi, Ọlọ́run sì ṣe é, mo gbádùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo di ọ̀rẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ báyìí. Ẹ wo èmi tí mo kórìíra ibẹ̀ jù láyé.

Bí mo ṣe lè rìn dé yàrá ẹ̀gbọ́n mi ni mo lọ sọ fún un. Ó gbọ́ mi tán, ó ní kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, kí n sì pa ẹnu mi mọ́. Ó fàáké kọ́rí. Ó ní òun díákónì, kí òun sùn kalẹ̀ kí ọmọdé máa ti rọ́bà bọ òun nídìí? "Haba! Ìríra gbáà ni." Bó ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ ìríra yìí, ó ń tò kọ́ọ̀pù agbo fún Sátidé ọ̀la.

Ǹ bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àgbàlagbà ni, ó lè yan ohun tó máa pa á. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni ọmọ rẹ̀ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ọmọ àdúgbò Brigade níbí ní Kano, ti wá fi ara hàn, ìdána ku díẹ̀. Ó jókòó sórí páálí ọṣẹ bí ó ti máa ń ṣe nígbà tó wà lọ́mọdé. Mo ń ka ọjà fún obìnrin kan, kò dá mi lẹ́nu dúró. Nígbà tí obìnrin náà lọ, ó ní, "Aunty, abeg no tell Daddy."

Mo ní, "Kí ni mi ò ní sọ?"

Kò wo ojú mi. Ó fi Hausa sọ ọ́, bí ẹni pé tó bá fi Yorùbá sọ ọ́ bàbá rẹ̀ á gbọ́. "Jini nake gani." Ẹ̀jẹ̀ ni mò ń rí.

Mo rántí kọ́bọ̀ tí wọ́n jù sókè. Mo ti rò pé kó tó kan ọmọ yìí, a ṣì ní àkókò.

Ilẹ̀ ọjọ́ náà kò tíì ṣú tí mo fi lọ bá ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n mú ọmọ yìí lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹ̀jẹ̀ ló ń yà."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ojú mi ló rí i," ni mo parọ́.

"Jẹ̀dí ni. Míńírà ló ń mu níbi iṣẹ́. Mo mọ̀."

"Kì í ṣe míńírà. Ohun tí wọ́n bá lára mi ni. Ẹ̀gbọ́n, ohun tó pa bàbá wa ni."

Ó dìde, ó lọ ti ilẹ̀kùn. Ó wá sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, ó ń tẹ ohùn mọ́lẹ̀. "Ṣé o mọ̀ pé àwọn àna wa ń wádìí ilé? Wọ́n ti béèrè lọ́wọ́ àlùfáà wa. Ṣé wèrè wà nílé wọn, ṣé wárápá wà, ṣé ẹ̀tẹ̀ wà. Àlùfáà ní kò sí. Ṣé o wá fẹ́ kí n sọ fún wọn pé ìfun ló ń hu nǹkan nínú ìdílé wa? Ta ni yóò gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sílé? Jẹ́ kó wọlé ọkọ ná. Tó bá bímọ tán, kó lọ wo ohun tó bá fẹ́ wò."

Mo ní, "Tó bá wá kú ńkọ́?"

Ó ní, "Ìwọ tí wọ́n ti gé ìfun rẹ, dákẹ́."

Mo ṣí ilẹ̀kùn, mo jáde. Àwọn ìbéèrè ìwádìí yẹn ń rí mi lára ju ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ilé ìwòsàn lọ. Àwọn kan jókòó sí Brigade, wọ́n ń yẹ ìran wa wò bí ẹni tó fẹ́ ra ewúrẹ́, àwa náà sì ń fi ọ̀rá pa ara ewúrẹ́ kó lè dán. Ọmọ wa ń ṣẹ̀jẹ̀, ohun tí a ń wá ni bí ẹni tó fẹ́ ẹ kò ṣe ní rí i.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, ẹ̀gbọ́n mi gbé kẹ́ẹ̀gì jáde. Ó ní kí ọmọ rẹ̀ kúnlẹ̀, ó bu kọ́ọ̀pù kún fún un, ó ní kó mu ún, ó tún bu òmíràn. Ọmọ tó ti gboyè jáde ní yunifásítì kúnlẹ̀ sórí símẹ́ńtì, omi ń dà lójú rẹ̀, ó ń mu ún. Ìyá rẹ̀, ìyàwó wa, dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń wò. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni.

Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó pẹ́ níbẹ̀. Èmi ni mo tẹ̀ lé e, nítorí n kì í lè dúró mọ́. Bí mo ti wọlé, òórùn ọṣẹ ìfọṣọ mi ni mo gbọ́. Ó ti da ìyẹ̀fun ọṣẹ sínú ihò náà, púpọ̀ rẹ̀, ó sì ti da omi sí i. Ọṣẹ náà ń hó wá sókè, ó yẹ kí ìfófòó rẹ̀ funfun. Pupa ni. Ó pupa, ó ń rú bọ̀ sí ẹsẹ̀ mi, àwọn ẹ̀jẹ̀ dídì wà láàárín rẹ̀, mo sì dá òórùn tó wà lábẹ́ òórùn ọṣẹ náà mọ̀. Òórùn yàrá bàbá mi ni.

Mo sá jáde, mo bì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ẹ̀gbọ́n mi dúró síbẹ̀, ó ń fọwọ́. Ó wò mí, ó ní, "Jẹ̀dí ni." Ó wọlé lọ.

Kí ọjà tó kún láàárọ̀ Mọ́ńdè, ìyàwó wa dé ṣọ́ọ̀bù mi, òun àti ọmọ rẹ̀. Ìyàwó wa yìí ni oníbàárà mi tó dára jù lọ. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí kì í ra ọṣẹ. Mo máa ń fi yin ara wa pé àwa méjèèjì nìkan ló mọ ìmọ́tótó nílé náà. Mo na ọwọ́ sí ọṣẹ tó máa ń rà, ó mi orí.

Ó ní, "Àǹtí, mo ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò lára ṣòkòtò ẹ̀gbọ́n yín láti ìgbà tí ọmọ yìí ti wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Ọṣẹ yín ni mo fi ń fọ̀ ọ́. Ó ní kí n má sọ fún ẹnì kankan, n kò sì sọ. Ti ọkọ mi ni mo fọ̀. N kò ní fọ ti ọmọ mi." Ó ti ọmọ náà síwájú díẹ̀. "Níbo ni dókítà yẹn wà?"

Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ti ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ Mọ́ńdè nìyẹn látìgbà tí mo ti ń tajà.

Ọmọ wa mu oògùn aládùn náà nínú yàrá mi, mo jókòó tì í, mo ń bá a gbá ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo ń bá a da omi sí i. Ó ń rẹ́rìn-ín láàárín ìnira, ó ní, "Aunty, wallahi this thing sweet pass agbo." Bàbá rẹ̀ kò sí nílé, ó rò pé ọmọ náà wà níbi iṣẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n wo inú rẹ̀, dókítà gbà kí n dúró. Mo fi ìborùn bo ẹnu mi, mo ń wo tẹlifíṣọ̀n. Ibi tó dán, ibi tó dán, ibi tó dán. Lẹ́yìn náà kókó kan. Òmíràn. Wọ́n wà, ṣùgbọ́n wọn ò tí ì di ẹ̀pà orí ẹní. Dókítà fi okùn wáyà kékeré kan dè wọ́n lọ́rùn, ó ń já wọn, ó ń kó wọn sínú ìgò. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò tán, wọ́n ní kò sí jẹjẹrẹ nínú ọ̀kankan. Á máa padà wá lọ́dọọdún. Tó bá di ọjọ́ kan tí wọ́n bá pọ̀ jù, wọ́n á ṣe é bí wọ́n ti ṣe tèmi. Ìyá rẹ̀ di orí mú, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú kọ́rídọ̀, ó sunkún tí àwọn nọ́ọ̀sì fi sáré wá.

Ìyàwó wa fúnra rẹ̀ ló lọ sọ fún àwọn àna ní Brigade. Ó ní òun ò lè gbé ọmọ òun fún ẹni tí kò mọ ohun tó ń gbé. Wọ́n gbà á dáadáa, wọ́n fún un ní omi. Wọ́n ní àwọn máa lọ gbàdúrà sí i. Wọ́n ṣì ń gbàdúrà.

Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́, ó bínú, kò bá èmi àti ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Àmọ́ àìsàn kì í bá ènìyàn yan odì. Nígbà tó yá ikùn rẹ̀ wú, kò lè yàgbẹ́, kò lè só, agbo ló sì ń pè fún. Ó mu ún títí ó fi ń bì í padà, ohun tó ń bì sì ń rùn bí ìgbẹ́. Ẹ má bínú, bó ṣe rí ni mo sọ. A gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà kan náà, kò lágbára láti kọ̀ mọ́. Jẹjẹrẹ ti dí ìfun rẹ̀ pa. Wọ́n gé ibi tí wọ́n lè gé, wọ́n sì la ojú ihò sí ikùn rẹ̀, wọ́n lẹ ọ̀rá mọ́ ọn, inú ọ̀rá náà ni ìgbẹ́ rẹ̀ ń dà sí báyìí. Dókítà sọ fún èmi àti ìyàwó wa níta pé ó ti kọjá ìfun, ó ti dé ẹ̀dọ̀. Ó ní, "Ká ní ó bá yín wá nígbà yẹn." Kò parí ọ̀rọ̀ náà. Mo ń bá a parí rẹ̀ nínú mi lójoojúmọ́.

Mo ti gbìyànjú láti tú ọ̀rá yẹn. N kò lè ṣe é. Mo wọ ìbọ̀wọ́, mo fi lọ́fínńdà sí imú, mo tú u díẹ̀, mo sá jáde. Ìyàwó wa ló ń tú u, á máa kọrin ìyìn lábẹ́nu, á fi ọṣẹ mi fọ ọwọ́ rẹ̀ títí dé ìgbọ̀nwọ́. Mo ń bínú sí ẹ̀gbọ́n mi, mo ń bínú sí bàbá mi tó ti kú, mo ń bínú sí kẹ́ẹ̀gì tó ṣì wà ní igun ilé ìdáná. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì náà lọ dànù sí gọ́tà. Òórùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi di ọjọ́ kejì.

Sátidé tó kọjá, a gbé ẹ̀gbọ́n mi jáde sójúde kó lè rí oòrùn. Kò wúwo mọ́. Aládùúgbò Hausa kan kí i ní "Sannu, Díákónì," ó fi ọwọ́ dáhùn. Bárò ìrèké kọjá. Ọmọ wa rà á, ó gé e wẹ́wẹ́ sí i, ó dà á sínú kọ́ọ̀pù tánganran tí wọ́n fi ń mu agbo, ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀. Ó fi Yorùbá sọ̀rọ̀. Kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó ní, "Bàbá mi, ẹ jẹ ẹ́. Dókítà ní kò léwu. Ẹ fa omi rẹ̀ nìkan, ẹ má gbé pàǹtí rẹ̀ mì."

Ẹ̀gbọ́n mi wo kọ́ọ̀pù náà pẹ́. Mo rò pé yóò tì í dànù. Ó mú ẹyọ kan, ó fi sẹ́nu, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi eyín rún un díẹ̀díẹ̀, omi rẹ̀ ń dà lẹ́nu rẹ̀ sí irùngbọ̀n. Ojú rẹ̀ kún fún omijé.

Ó ní, "Bó ṣe dùn tó nìyí? Mo ti gbàgbé. Ẹnì kan ò sì sọ fún mi pé kò léwu."

Ọ̀rọ̀ kún mi lẹ́nu. Mo fẹ́ sọ pé a sọ fún un. Mo fẹ́ sọ pé òun ló ti ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ó ti jẹ ẹ́ tán, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bí ti ọjọ́ yẹn, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì, ó ń wá ibi tí yóò tu pàǹtí náà sí, ẹ̀rù sì wà lójú rẹ̀ bí ẹni pé bàbá wa fẹ́ wọlé.

Mo na àtẹ́lẹwọ́ mi sí abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, láìsí ìbọ̀wọ́, mo ní kó tu ú síbẹ̀.